Bingo ń sáré, kámẹ́rà mi ń rí ìrù nìkan

ÌyáBingo
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní ajá dúdú kan, Bingo lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjì, eré sísá ni iṣẹ́ tó yàn láàyò. Oṣù tó kọjá ni mo ra kámẹ́rà dígítà tó ṣeé pààrọ̀ lẹ́ńsì, èyí tó ní sensor (ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) tí wọ́n ń pè ní APS-C. Mo ra lẹ́ńsì mìlímítà 55-200 mọ́ ọn, torí wọ́n ní ó máa ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni. Lónìí mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí pápá. Mo ju bọ́ọ̀lù, ajá sáré, mo tẹ kámẹ́rà. Fọ́tò 214 ni mo yà. Èyí tí mo lè fi han èèyàn nínú wọn kò ju mẹ́ta lọ.

Ìyókù, bí kò bá jẹ́ ìrù, á jẹ́ ìdí. Bí kò bá jẹ́ ìdí, á jẹ́ koríko lásán tí ajá ti kọjá lórí rẹ̀. Àwọn tí ajá wà nínú wọn ní tòótọ́, ńṣe ló dà bí èédú tí wọ́n fi ọwọ́ nù mọ́ ògiri. Bẹ́ẹ̀ bí Bingo bá jókòó, fọ́tò rẹ̀ á mọ́ débi pé mo lè ka irun imú rẹ̀. Bó bá ti dìde báyìí ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ṣé kámẹ́rà yìí ni kò dáa ni, àbí èmi?

Ọmọ_Ọdẹ
Ẹ̀yin ni o, ìyá wa.

Ẹ má bínú, mo kàn ń ṣeré ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi ya ajá mi níbi tó ti ń fò, ojú ọ̀run àti etí kan ṣoṣo ni mo rí gbé wálé.

Olúyàwòrán
Ìyá Bingo, ẹ kú iṣẹ́. Ká tó dá kámẹ́rà lẹ́jọ́, ẹ ṣí ọ̀kan nínú àwọn tó bàjẹ́ yẹn lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ wo àlàyé tí kámẹ́rà kọ pa mọ́ sínú rẹ̀: shutter mélòó (ìdá ìṣẹ́jú-àáyá tí kámẹ́rà fi ṣí ojú sílẹ̀), ihò lẹ́ńsì mélòó (èyí tí wọ́n ń kọ f/ sí níwájú), ISO mélòó (bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè tó). Ẹ kọ ọ́ síbí. Koríko tó wà nínú fọ́tò yẹn ńkọ́? Ṣé ó mọ́, àbí òun náà rú?

ÌyáBingo
Mo ti rí i, ọ̀gá. 1/125, f/5.6, ISO 200. Auto ni mo fi í sí. Ìrọ̀lẹ́ ni, ìkùukùu sì bo oòrùn. Koríko mọ́ kedere. Ajá nìkan ló fà, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀tún.

Olúyàwòrán
Ọ̀rọ̀ ti yé wa. Koríko mọ́, ajá fà: shutter ló lọ́ra. Kámẹ́rà yín kò mọ̀ pé ohun tó ń sáré lẹ fẹ́ yà. Lójú tiẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ bá ti tó, iṣẹ́ ti parí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ajá tó bá ń sáré dáadáa lè rin mítà 10 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí shutter bá ṣí fún 1/125, ajá á ti rin sẹ̀ǹtímítà 8 kó tó padé. Sẹ̀ǹtímítà 8! Ibi tí imú wà nígbà tó ṣí, ojú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀ nígbà tó ń padé. Báwo ni ojú ṣe máa hàn? Ní 1/1000, sẹ̀ǹtímítà 1 ni. Ní 1/2000, ìdajì rẹ̀. Greyhound, ajá tí wọ́n fi ń sá eré ìje, tó lè sá ju kìlómítà 60 lọ ní wákàtí kan, òun á tún rìn ju sẹ̀ǹtímítà 1.6 lọ ní 1/1000, ẹ ò wá ní bínú sí Bingo.

Ẹsẹ̀ tún yàtọ̀ sí ara. Ẹsẹ̀ tó tẹlẹ̀ dúró sójú kan, ara ló ń gba orí rẹ̀ kọjá. Èyí tó wà lókè ń sáré ju ara lọ, torí ó gbọ́dọ̀ dé iwájú kí ara tó dé. Ẹ máa rí fọ́tò 1/500 tí ojú mọ́ nínú rẹ̀, tí ẹsẹ̀ kan mọ́, tí ìkejì wá dà bíi fáànù tó ń yí.

Ẹ kúrò ní Auto. Ẹ yí kámẹ́rà sí S, tàbí Tv bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni tiyín ń pè é, kí ẹ fi shutter sí 1/1600, kí ISO máa yan ara rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ irú tòní, ẹ ṣírò ohun tí yóò náni: 125 di 250, ó di 500, ó di 1000. Ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹta nìyẹn. ISO náà á gòkè lẹ́ẹ̀mẹta: 200, 400, 800, 1600. Ní 1/1600 á tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, á súnmọ́ 2500. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Fọ́tò á ní hóró bí iyanrìn díẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni. Fọ́tò oníyanrìn tí ojú ajá hàn nínú rẹ̀ sàn fún mi ju èyí tó mọ́ tónítóní tí kò ní ajá.

FóònùNiMo
Gbogbo ìṣirò yìí nítorí ajá? Fóònù ni mo fi ń ya tèmi. Mo tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀, ó ya 30, mo yan ọ̀kan. Ó tán.

Àkànní_RAW
Kò burú. Lọ́sàn-án gangan, tí ajá kò jìnnà sí yín, fóònù á ṣe é. Ẹ wá gbé fóònù yẹn jáde nírọ̀lẹ́, kí ajá wà ní mítà 20, kí ẹ padà wá ròyìn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti dín kù, shutter fóònù á lọ́ra, ọ̀pọ̀ wọn á sì tún máa lẹ fọ́tò bíi mélòó kan pọ̀ di ẹyọ kan. Ajá tó ń sáré kì í dúró de ẹni tó ń lẹ nǹkan pọ̀. Mo ti rí ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà nínú fóònù ẹ̀gbọ́n mi rí.

FóònùNiMo
Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà kẹ̀! Èmi ní ẹyọ kan tó ní ìrù méjì, mi ò kàn fẹ́ sọ ni.

ÌyáBingo
Mo padà dé láti pápá. 1/1600, ISO ń yan ara rẹ̀. Ajá ò fà mọ́, mo dúpẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ó tún ku ibì kan. Bingo ò fà, kò sì mọ́. Ó rí bàìbàì, bí ẹni tó dúró lẹ́yìn gíláàsì tí èémí bò. Igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló wá mọ́, tí mo lè ka ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bingo ni mo fẹ́ yà, kì í ṣe igi.

Àkànní_RAW
Ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ shutter, ẹ wá kó sọ́wọ́ focus, ibi tí lẹ́ńsì fojú sí kó lè mọ́. Wọ́n jọra lójú ẹni tí kò tíì fara balẹ̀ wò ó. Ti shutter máa ń ní ìlà, èèyàn á rí ibi tí nǹkan ti fà wá àti ibi tó fà lọ. Ti focus kò ní ìlà, ó kàn máa ń rọ̀ ni, ohun mìíràn á sì mọ́ níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Igi yín ti jẹ́rìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kámẹ́rà yín wà ní irú focus tó ń wá nǹkan lẹ́ẹ̀kan, tó bá sì ti rí i, á ti ibẹ̀ pa. Ẹ tẹ bọ́tìnì dé ìdajì, ó ké "pín", ó ti gbà pé ibẹ̀ ni ajá wà. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ tán, ajá ti rin mítà kan. Ẹ wá AF-C nínú mẹ́nù. Nikon àti Sony ń pè é bẹ́ẹ̀. Lórí Canon, AI Servo tàbí Servo AF ni. Èyí kì í tì pa. Níwọ̀n ìgbà tí ìka yín bá wà lórí bọ́tìnì, á máa tẹ̀ lé ajá bó ṣe ń bọ̀.

Ẹ má sì ro pé àyè pọ̀ tí ẹ lè fi ṣàṣìṣe. Lórí kámẹ́rà irú tiyín, lẹ́ńsì 200 ní f/5.6, bí ajá bá wà ní mítà 10, ibi tó máa mọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn jẹ́ nǹkan bí ìdajì mítà. Bó bá dé mítà 5, ó kù bíi sẹ̀ǹtímítà 14. Imú lè mọ́ kí ojú rú, lára ajá kan náà.

Ọmọ_Ọdẹ
Èmi ti yọ focus kúrò lára bọ́tìnì ìyàwòrán pátápátá. Àtàǹpàkò mi ló ń di focus mú lẹ́yìn kámẹ́rà, ìka ìfábẹ̀lá ń yà. Mi ò lè padà sí ti tẹ́lẹ̀ mọ́ láéláé.

Olúyàwòrán
Ó dáa fún ìwọ. Má kó o bá Ìyá Bingo báyìí. Ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, a kì í ní kó fi ọwọ́ kan ṣoṣo gùn ún lọ́jọ́ kejì. AF-C nìkan ti tó. Kó fi ibi tí focus ti ń wá nǹkan sí àárín, kó má jẹ́ gbogbo ojú fọ́tò, torí bí gbogbo ojú fọ́tò bá ṣí sílẹ̀, ohun tó súnmọ́ jù tàbí ohun tó tàn jù ni kámẹ́rà á lọ bá.

ÌyáBingo
Ẹ dákun, mo rí nǹkan kan nínú mẹ́nù tó ní àwòrán ẹranko. Ṣé òun ló ń wá ojú ajá?

Àkànní_RAW
Òun ni. Ọdún 2019 ni Sony mú un wọ àwọn kámẹ́rà rẹ̀, àwọn yòókù náà ti ń ṣe é báyìí. Ẹ tàn án. Ṣùgbọ́n ajá dúdú lẹ ní: ojú dúdú lára irun dúdú. Tí ìmọ́lẹ̀ kò bá kọ mànà nínú ojú yẹn, kámẹ́rà lè máa wá a kiri bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ lókùnkùn. Ẹ yí ara yín padà kí oòrùn wà lẹ́yìn yín tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ máa rí ìyàtọ̀.

Olùtọ́Ajá
Ẹ kú àkókò yìí o. Àtàná ni mo ti ń ka ìjíròrò yìí. Kámẹ́rà ni gbogbo yín ń tún ṣe. Kò sí ẹni tó béèrè pé ta ló ń ju bọ́ọ̀lù.

Ìyá Bingo, ẹ̀yin lẹ jù ú, ẹ̀yin náà lẹ ń yà á. Bọ́ọ̀lù lọ síwájú, ajá tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, kí ló kù sọ́dọ̀ yín? Ìdí! Lẹ́ńsì tó lè yí ajá padà kò tíì dé ọjà. Nígbà tó bá gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ wá bá yín, tí ojú rẹ̀ sì kọ sí yín nígbẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù ti dí i lẹ́nu, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Fọ́tò ìrù kì í ṣe àṣìṣe yín rárá, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe to eré náà ni.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí. Ẹnì kan á di ajá mú ní nǹkan bíi mítà 30. Èmi á wà nílẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà. Ẹnì kejì, ẹni tí ajá fẹ́ràn jù, á dúró lẹ́yìn mi, bọ́ọ̀lù á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á fi hàn án lẹ́ẹ̀kan, á sì pè é. Wọ́n ní ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Nídìí fọ́tò, ayàwòrán ló gbọ́dọ̀ lẹ́ni lẹ́yìn, ẹ̀yìn gidi ni mo sì ń sọ. Ojú ajá á wà lára ẹni yẹn, etí rẹ̀ á dúró, ẹnu rẹ̀ á ṣófo, gbogbo ara rẹ̀ á máa bọ̀ wá sínú lẹ́ńsì yín. Bó bá kọjá tán ni kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù fún un. Ẹ má tan ajá jẹ o. Bó bá sáré wá lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí bọ́ọ̀lù gbà, ìkẹta á di ìrìn.

Kí ẹni ẹ̀yìn yẹn má dúró sẹ́yìn yín gangan ṣá. Kó yà sí ẹ̀gbẹ́ ní ìṣísẹ̀ méjì, kí ọ̀nà ajá má bàa gba orí yín. Ajá kan ti gba orí mi kọjá rí. Fìlà mi lọ síbì kan, èmi lọ síbì kan, imú rẹ̀ tó tutù sì fi òǹtẹ̀ róbótó sílẹ̀ láàárín lẹ́ńsì. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti yọ lens hood mi mọ́, ìyẹn òrùka tó yọ síwájú lẹ́ńsì láti dáàbò bò ó.

Ohun kan kù tí mi ò lè má sọ. Eré mẹ́rin, márùn-ún, ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ fún un lómi. Ajá ò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró bí bọ́ọ̀lù bá wà níta, ẹ̀yin lẹ máa bá a mọ̀ ọ́n. Ẹ yẹra fún oòrùn ọ̀sán. Ẹ má fi ọmọ ajá tí egungun rẹ̀ kò tíì gbó dá àrà fífò nítorí fọ́tò. Igi jíjù náà, ẹ fi sílẹ̀: igi tó bá fi ẹnu kan gúnlẹ̀ lè gún ajá lọ́fun bó bá ń sáré bọ̀ wá gbé e.

Ọmọ_Ọdẹ
Ọ̀rọ̀ gidi. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Tèmi kì í gbọ́ fèrè, kì í sì í sọnù, ó kàn máa ń gba ibi tó bá wù ú ni. Kí la máa ṣe fún irú rẹ̀?

Olùtọ́Ajá
Ẹ máa wò ó láìgbé kámẹ́rà dání fún ọjọ́ kan. Ajá tó ń lọ ibi tó wù ú, ibì kan náà ló sábà máa ń wù ú. Tèmi kan wà tó jẹ́ pé igun pápá kan ni yóò máa gbà yípo, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ya ọ̀nà síbẹ̀. Mo lọ jókòó de igun náà.

Àkànní_RAW
Ìdúródè yìí ló bí gbogbo iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ayàwòrán Eadweard Muybridge fẹ́ ya ẹṣin tó ń sáré ní Palo Alto ní Amẹ́ríkà, ní 1878, kò sí focus kankan tó ń tẹ̀ lé nǹkan. Kámẹ́rà 12 ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ẹṣin máa gbà, ó na okùn wọn dábùú ọ̀nà, ẹṣin fúnra rẹ̀ sì ń já okùn bó ṣe ń kọjá. Nígbà tó kó iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìrìn ẹranko jáde ní 1887, ojú ìwé àwòrán 781 ló wà níbẹ̀, ajá sì wà nínú wọn.

Mo mẹ́nu kàn án torí nǹkan kan tó wúlò fún wa. Ẹṣin tó ń sáré, ìgbà kan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń kúrò nílẹ̀ nínú ìgbésẹ̀ kan, nígbà tó bá kó wọn jọ sábẹ́ ikùn. Ajá bíi greyhound, ẹ̀ẹ̀mejì ni: ìgbà tó kó ẹsẹ̀ jọ, àti ìgbà tó nà tán bí ọfà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ bọ́tìnì, ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ ń wá. Èyí tó nà dára bí ajá bá ń kọjá níwájú yín láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Bó bá ń bọ̀ tààrà, èyí tó kó jọ ló máa ń ní agbára lójú tèmi, torí àyà á yọ, ẹsẹ̀ iwájú á ká wọlé, etí á fò sókè.

FóònùNiMo
Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ń ka ẹsẹ̀ ajá tó báyìí.

ÌyáBingo
Mo ti ní kí ọmọ mi dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. ÌRÙ TI TÁN! Ojú, àyà, ahọ́n, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan.

Ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́: Bingo kàn dúdú ni, bí ihò tí wọ́n gbẹ́ sáàárín koríko. Mi ò rí iṣan, mi ò rí irun. Ìkejì: kámẹ́rà kàn dákẹ́ láàárín eré, kò yà mọ́, iná pupa kan ń tàn pàìpàì.

Olúyàwòrán
Ti dúdú: kámẹ́rà rò pé ohun gbogbo láyé yẹ kó rí bí eérú. Bí ajá dúdú bá kún fọ́tò, á fẹ́ sọ ọ́ di eérú, á mú ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ fi bọ́tìnì +/- dín in kù sí -0.7. Bó bá jẹ́ ajá funfun ni, òdìkejì rẹ̀ ni, ẹ fi kún un.

Ọmọ_Ọdẹ
Ọ̀gá, mi ò gbà. Bingo ò kún fọ́tò. Ó wà lọ́nà jíjìn, koríko tó mọ́lẹ̀ ló yí i ká. Koríko ni kámẹ́rà ń wò. Bí wọ́n bá tún dín in kù, ihò yẹn á di kànga. Fífi kún un ló yẹ, +0.7 ó kéré tán.

Olúyàwòrán
O jàre. Mo yára sọ̀rọ̀. Bó bá kún fọ́tò, ẹ dín in. Bó bá kéré láàárín ìmọ́lẹ̀, ẹ fi kún un.

Àkànní_RAW
Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí kámẹ́rà dá sí i rárá bí ìmọ́lẹ̀ bá dúró sójú kan. Ajá tó bẹ̀rẹ̀ ní mítà 30, tó parí ní mítà 3, kékeré ló bẹ̀rẹ̀, ńlá ló parí, kámẹ́rà á sì máa yí ọkàn padà láàárín. Mo máa ń fi sí M, níbi tí èmi fúnra mi ti ń yan gbogbo ìwọ̀n, mo wọn ìmọ́lẹ̀ lára koríko tó wà nínú oòrùn kan náà tí ajá máa gbà, mo ya ẹyọ kan nígbà tí ajá jókòó, mo wo irun àyà rẹ̀. Bí mo bá rí irun, mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí oòrùn á fi yí. Mo sì ń ya RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, kí n lè gbé ibi tó ṣókùnkùn sókè lórí kọ̀ǹpútà.

Iná pupa: àyè ìpamọ́ inú kámẹ́rà ló kún. Bí ẹ bá ń yà lemọ́lemọ́, kámẹ́rà kọ́kọ́ ń kó wọn síbì kan nínú ara rẹ̀ kó tó máa kọ wọ́n sórí káàdì. Ṣé RAW àti JPEG, fọ́tò tí kámẹ́rà ti tún ṣe tó sì ti fún pọ̀, lẹ ń yà pọ̀?

ÌyáBingo
Bẹ́ẹ̀ ni, méjèèjì. Mo rò pé méjì sàn ju ọ̀kan lọ.

Ọmọ_Ọdẹ
Mo mọ ìrora yìí. Ọjọ́ kan, ajá mi fò kọjá odò kékeré kan, ìfò tí kò fò irú rẹ̀ rí, kò sì tíì fò ó títí dòní. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnì látìgbà tó ti wà lókèèrè, nígbà tí kò sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tó gbéra sókè báyìí, kámẹ́rà ní òun ń jẹun lọ́wọ́. Mo ní fọ́tò 22 tí ajá ń bọ̀ lọ́dọ̀ odò, mo ní ẹyọ kan tó ń gbọn omi nù ní òdìkejì. Odò fúnra rẹ̀, kò sí.

Láti ìgbà yẹn, mo ń dúró kó ku ìgbésẹ̀ méjì kó tó dé ibi tí mo fẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, mo gbé ìka kúrò.

Àkànní_RAW
Ẹ gbọ́ tiẹ̀. Ẹ yan ọ̀kan nínú RAW àti JPEG. Ẹ sì wo ara káàdì yín: V30 ń ṣèlérí mẹ́gábáìtì 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, V60 ń ṣèlérí 60, V90 ń ṣèlérí 90, láìjá sísàlẹ̀ bí kíkọ bá ń lọ lemọ́lemọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ìwé kámẹ́rà yín bóyá ó lè gba èyí tó yára yẹn. Bí kò bá lè gbà á, owó yín lẹ fi ṣòfò.

Olúyàwòrán
Ohun tí mo tún rí nínú fọ́tò yín: ẹ̀yin wà ní òòró, Bingo wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ń wò bí ẹni tó ń wo tábìlì láti òkè. Ẹ dùbúlẹ̀, àní kí ẹ fi ikùn lélẹ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò tẹ́ ẹ ò bìkítà fún. Bí lẹ́ńsì bá ti wà ní ìwọ̀n ojú ajá, ilẹ̀ á parẹ́, igi òkèèrè á di àwọ̀ lásán lẹ́yìn rẹ̀, ìfò tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ á sì dà bí ẹni tó fẹ́ fò kọjá òrùlé. Nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ níbí, èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀, òun sì ni mo fẹ́ràn jù.

ÌyáBingo
Wọ́n tún ní kí n lo electronic shutter, èyí tí kò ní irin tó ń ṣí tó ń padé, pé kò pariwo, pé ó yára jù. Ṣé kí n lò ó?

Àkànní_RAW
Lórí tiyín, rárá. Sensor púpọ̀ ń ka fọ́tò láti òkè wá sísàlẹ̀, ìlà tẹ̀ lé ìlà. Kó tó ka ẹsẹ̀, orí ti kúrò níbi tó wà. Ajá á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òpó á dùbúlẹ̀ bí ẹ bá ń yí kámẹ́rà tẹ̀ lé e. Àwọn kámẹ́rà kan wà tó ti bọ́ lọ́wọ́ èyí: Nikon Z9 ti 2021 kò tiẹ̀ ní shutter onírin mọ́, torí sensor rẹ̀ ń yára kà. Owó ilé ni ká fi rà á.

FóònùNiMo
Mo ní ìbéèrè, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti yá kámẹ́rà àbúrò mi. Ajá mi fẹ́ràn omi. Bó bá ń gbọn omi nù, shutter mélòó?

Ọmọ_Ọdẹ
Ẹ wá gbọ́! Fóònù dà?

Olùtọ́Ajá
Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ajá ńlá ń gbọn ara bí ìgbà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, awọ ara rẹ̀ ń yí ju egungun lọ, etí ń lù ú lójú. Bẹ̀rẹ̀ láti 1/2000 bí o bá fẹ́ kí ẹ̀kán omi dúró lófuurufú bí ìlẹ̀kẹ̀. Jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn ajá, kí omi náà lè tàn. Orí ló máa ń kọ́kọ́ yí, ìrù ló máa ń kẹ́yìn, nítorí náà bí o bá ti rí i tí orí tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tẹ bọ́tìnì. Sì jìnnà sí i, kámẹ́rà àbúrò ẹni ni.

Olúyàwòrán
Kì í ṣe gbogbo ìgbà náà ni ká dá ajá dúró pa. Nígbà mìíràn ẹ sọ̀kalẹ̀ dé 1/60, ẹ dúró síbi tí ajá á ti kọjá níwájú yín, kí ẹ fi ìbàdí yí tẹ̀ lé e ní ìwọ̀n eré rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì láìdáwọ́ yíyí dúró. Ojú á mọ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ á di ìjì, koríko á di ìlà. Nínú 100, ẹ lè rí mẹ́rin gbé kalẹ̀. Mo ti ṣe é lọ́pọ̀ ọdún, mẹ́rin náà ni.

ÌyáBingo
Ẹ̀yin ará, òwúrọ̀ yìí ni mo ti dé. Fọ́tò 160, mo pa 31 mọ́. Mo dùbúlẹ̀, èèrà jẹ mí, mi ò dìde. 1/2000, AF-C, M, mo wọn ìmọ́lẹ̀ lára koríko.

Ẹyọ kan wà. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè, ó kó jọ bí Àkànní ṣe sọ ọ́. Mo rí irun àyà rẹ̀, mo rí ìmọ́lẹ̀ kékeré nínú ojú ọ̀tún. Ahọ́n ti yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, etí kan ti yí padà. Ní igun òsì, ìgbọ̀nwọ́ ọmọ mi wọlé sínú fọ́tò, bọ́ọ̀lù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jù ú ṣáájú àkókò.

Ọmọ_Ọdẹ
Ìgbọ̀nwọ́ yẹn, ẹ gé e kúrò, fọ́tò á mọ́ sí i.

ÌyáBingo
Mi ò ní gé e.